Píkọ́ọ̀pù Mi Kì í Ṣe Ohun Ìṣeré Inú Ẹrẹ̀

Oríọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àkúrẹ́? Ṣé iṣẹ́ ìjọba ń lọ déédéé? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ẹ ní àlọ àti àbọ̀, ojú ò ní tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, àmín. Ara èmi náà le, orúnkún òsì nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ìyá rẹ ń kí ẹ. Ó ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná kí n tó mú bírò. Mo jókòó láti ìdájí títí oòrùn fi yọ, inú kò rọ̀, ni mo bá mú bírò.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òjò ń rọ̀ dáadáa, kòkó ti ń pọ́n, àgbébọ̀ ìyá rẹ pa ọmọ mọ́kànlá, àṣá sì ti gbé méjì níbẹ̀. Àgọ́ wa ṣì wà níbi tó wà, wákàtí kan sí ìlú Oǹdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọlọ́run ló mọ iye rẹ̀ nígbà òjò. Ó tán. Ọ̀rọ̀ fídíò ló kù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Sherifat tíṣà tí ilé wọn kọjú sí tiwa sáré gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní ìwọ lo fi fídíò ránṣẹ́ pé kí òun fi hàn mí. Mo wò ó. Ọkọ̀ funfun kan rì sínú ẹrẹ̀ dé ojú fèrèsé, ìwọ Oríọlá tí mo bí lo jókòó nídìí ọkọ̀, ẹrẹ̀ bò ẹ́ lójú, o la ẹnu sílẹ̀. Àwọn èèyàn dúró yí ká, wọ́n ń pariwo. Mo rò pé igbe ẹ gbà wá ni wọ́n ń ké. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mú pákó tí yóò tì sábẹ́ táyà lọ́wọ́, fóònù ni gbogbo wọn gbé dání. Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò lọ. Ìyá rẹ ti káwọ́ lérí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ lo ránṣẹ́ sí Sherifat pé o ti ti ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ délé, pé ó dùn gan-an ni. Mo ní ẹ̀rù ló ṣì ń ba ọmọ yìí tó fi ń sọ ìsọkúsọ.

Ṣé kí n wá dákẹ́ ni? Lọ́jọ́ Ìsinmi mo gbé àkùkọ kan àti iṣu mẹ́ta, èmi àti ìyá rẹ jó lọ síwájú pẹpẹ, mo sì jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé Olúwa yọ ọmọ mi nínú ẹrẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Pásítọ̀ Adébùsóyè gbàdúrà títí òógùn fi bò ó, ó ní ẹrẹ̀ kankan kò ní dì ẹ́ mú mọ́ láyé. Àwọn obìnrin ń sunkún.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé tí lẹ́tà rẹ àti fọ́ọ̀mù dé. Èmi àti Sherifat jọ ń kà á, òun ń rẹ́rìn-ín. O ní ẹgbẹ́ kan lo wọ̀, tí ẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹ ń mọ̀ọ́mọ̀! Ẹ ń wá a kiri! Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ lo yá lọ́jọ́ yẹn, o wá fẹ́ ní tìrẹ, lo bá rántí píkọ́ọ̀pù mi. O fẹ́ gbé e lọ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n gbé ara rẹ̀ sókè, kí wọ́n fi táyà ńlá eléyín sí i, kí wọ́n yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn tó ń ru ẹrù, kí wọ́n fi èyí tó rọ̀ síbẹ̀ kó lè máa fò, kí wọ́n tún so páìpù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè máa mí tó bá wọ odò. Oríọlá, ṣé ẹja ni ọkọ̀ mi ni?

O ní kí n tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ yín torí orúkọ mi ló wà lára ìwé ọkọ̀. Wọ́n béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Wọ́n béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, dísẹ́ẹ̀lì ni mo mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ń mu. Ṣùgbọ́n n kì í purọ́ sínú ìwé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé pupa. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ní kí n gbà pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tàbí ẹnì kan bá kú, kò kan àwọn. Ibẹ̀ ni mo ti ká a, mo fi sábẹ́ Bíbélì kí Ọlọ́run fojú ara rẹ̀ rí i.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo àgọ́ ti gbọ́. Wọ́n ń bi mí bóyá ìdúpẹ́ ẹrẹ̀ máa wà lọ́sẹ̀ yìí. Pásítọ̀ ní tirẹ̀ ti jẹ àkùkọ náà.

Inú ń bí mi, Oríọlá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sá fún ẹrẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àkísà mi sì ni píkọ́ọ̀pù yẹn. Òun nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní àgọ́ yìí, òun ló ń kó kòkó ilé mẹ́rìndínlógún lọ sí Oǹdó. O mọ òfin tí a bá ní Kòtò Alágbẹ̀dẹ, níbi tí ẹrẹ̀ ti jìn jù lọ́nà Oǹdó: ẹni tó bá fi pákó rẹ̀ sábẹ́ táyà ẹ nígbà tí o rì, ẹrù rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Bí mo bá gbé ọkọ̀ fún ẹ kí o lọ máa fò kiri, kí ni màá sọ fún àwọn tí pákó wọn ti fọ́ sábẹ́ táyà mi?

Kí o má baà ní n kò gbọ́ tẹnu ẹ, mo wa ọkọ̀ lọ bá Àbdùlláhì mẹkáníìkì ní Oǹdó. Mo rò pé yóò bá mi bú ẹ ni. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó ní Baba, orí ọmọ yín kò dàrú tán. Ó ní ẹ́ńjìnnì ṣì le, irin abẹ́ rẹ̀ kò tíì dípẹtà, pé bí a bá gbé e sókè díẹ̀ tí a fi táyà eléyín sí i, yóò máa la Kòtò Alágbẹ̀dẹ kọjá láìsí pákó. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá yọ sípíríǹgì yẹn ti sọ ọ́ di ohun ìṣeré, kò ní lè ru kòkó mọ́. Inú tún bí mi, torí òótọ́ ló sọ. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta ni kòkó wa fi wà nínú Kòtò yẹn títí ó fi bu. Èjìká ni a fi gbé ìyá Sherifat kọjá ibẹ̀ nígbà tí àìsàn rẹ̀ le. Mo pè ẹ́ kí o wá. O ní o kò lè wá, pé ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Òjò ọdún mẹ́ta rèé tí o kò tíì wálé nítorí ẹrẹ̀, Oríọlá, o sì ń sanwó wá a lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Gbọ́ ohun tí mo pinnu. Wọn yóò gbé ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n Àbdùlláhì ni yóò ṣe é, lójú mi. Táyà eléyín, mo gbà. Páìpù tó fi ń mí, mo gbà, torí odò tiwa náà ń kún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sípíríǹgì. Owó tí o fẹ́ fún àwọn ará Àkúrẹ́, Àbdùlláhì ni kí o fún, kí o sì fi owó dísẹ́ẹ̀lì àti ti àkùkọ mi lé e. Má fi tèmi gba inú fóònù o. Sherifat ní fóònù òun ti kún, kò sáyè nínú rẹ̀ mọ́, owó náà lè máà ríbi jókòó.

Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Ẹrẹ̀ wà níbí, ọ̀fẹ́ ni, a kì í tọwọ́ bọ̀wé kí a tó wọ̀ ọ́. Ẹ ó bá wa kó kòkó ilé mẹ́rìndínlógún kọjá Kòtò Alágbẹ̀dẹ, ìyá rẹ á sì gúnyán fún yín.

Ọlọ́run tó ń mú mi la ẹrẹ̀ já láti ọjọ́ yìí wá yóò mú ìwọ náà délé. Iṣẹ́ rẹ kò ní rì, orúkọ rẹ kò ní rì. Bí ọkọ̀ bá sì rì mọ́ ẹ lọ́wọ́ ní Kòtò lọ́jọ́ náà, má bẹ̀rù, bí inú tilẹ̀ ń bí mi sí ẹ. Màá wà níbẹ̀. Pákó ni màá gbé dání, kì í ṣe fóònù.

Èmi ni bàbá rẹ.