Rọ́bà Tí Wọ́n Lè Fi Sí Mi Lọ́rùn

Bàbá mi àtàtà,

Gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn yín, tí kò jẹ́ kí ẹ rí èémí mí mọ́ nígbẹ̀yìn, ti yọ sí èmi náà. Ẹ̀yin ò gbà kí ọ̀bẹ kàn án. Èmi ti gbà. Ọ̀la ni wọ́n máa gé e.

Ara mi ò lélẹ̀. Aṣọ òkírìkà tí mo tò sí ìsọ̀ mi ní Dùgbẹ̀, mo tú u, mo tún un tò, mo tún tú u.

Bí wọ́n bá gé gẹ̀gẹ̀ tán, àwọn dókítà kan a máa fi rọ́bà tínínrín sí ọrùn aláìsàn, kó lè fa ẹ̀jẹ̀ tó bá ń sun jáde. Àwọn mìíràn a kàn rán ojú ọgbẹ́ pa láìfi rọ́bà sí i. Èwo ló sàn jù? Àwọn fúnra wọn ò mọ̀! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ pín àwa tó bá gbà sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n wo bí ọgbẹ́ kálukú ṣe máa jinná. Kọ̀ǹpútà ni yóò pín wa. Dókítà pàápàá ò ní mọ tèmi títí yóò fi gé e tán.

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá. Ṣé mo lè ra ọjà tí mi ò yẹ̀ wò? Rọ́bà yẹn ò wù mí. Mo bá mú búláòsì tó dáa jù nínú bélì òkírìkà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, mo gbé e fún nọ́ọ̀sì, pé kó bá mi fi orúkọ mi síbi tí kò sí rọ́bà. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Ẹ gbé aṣọ yín, Màmá. Kọ̀ǹpútà kì í wọ búláòsì."

Mo bá rántí yín. Lọ́jọ́ Iléyá, bí àwọn tó dáwó ra màlúù bá ti pín ẹran sí òkìtì òkìtì, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń ní kí ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ máa pe orúkọ ẹni tó máa gbé òkìtì tí wọ́n bá fọwọ́ kàn. Bí ọwọ́ bá ti kan òkìtì tí ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀, Màmá mi á wúkọ́. Ẹ̀yin á pe orúkọ ẹlòmíràn. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, àbí ẹ gbọ́?

Bí nọ́ọ̀sì bá ṣe é fún mi, á ṣe é fún ẹni tó gbé odidi léèsì wá. Ta ló máa wá mọ èyí tó dáa, bí gẹ̀gẹ̀ bá yọ sí ọmọ mi lọ́rùn? Mo ti fọwọ́ sí i, kí kọ̀ǹpútà pín mi.

Tí mo bá jí, màá mọ èyí tí wọ́n fún mi. Bóyá èkejì ni ì bá sàn jù, ìyẹn ni mi ò ní mọ̀ láéláé. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè jókòó nìyẹn. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí wọ́n gé tiyín ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹ̀ bá ṣì wà, kí ẹ sìn mí dé ilé ìwòsàn lọ́la?

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.