Ọwọ́ Ọ̀tún Àkànó

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 2025
Ọkọ mi, Àkànó, ti ọsíbítù délé lónìí. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Fola Agoro. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé e. Ọwọ́ ọ̀tún kò tilẹ̀ mira. Mo ti sọ ọwọ́ náà ní Àlejò — ó wà nílé, kò bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tó ń gé aṣọ láì fi ṣọ́ọ̀kì fàlà! Ọlọ́run, dá a padà fún wa.

Ìṣẹ́gun, 4
Sabina wá. Òun ni ọsíbítù yàn kó máa bá Àkànó na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ — ọmọ Ìlàjẹ, kò ju àbíkẹ́yìn wa lọ, ṣùgbọ́n ó ń pàṣẹ bí olóyè. Ó ní, "Mummy, kó má pẹ́ o. Ten minutes, kí Daddy sinmi, ẹ tún ṣe é. Small small, lọ́pọ̀ ìgbà." Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́rú, 5
Mi ò gbọ́. Ẹni tó bá ní kí n pọn omi garawa kan, mẹ́ta ni mò ń pọn fún un. Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi mú un rìn ní kọ́rídọ̀. Ó ní ó ti rẹ òun. Mo ní kó ṣe ọkùnrin. Ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, Sabina sì bá mi wí bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ìfẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó sùn ṣáá. Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án.

Jímọ̀, 7
Ìpè Àsùbáà ló jí mi, láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa ní Abúlé Òkúta. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kó sinmi láàárín — ìrun ìgbà márùn-ún kọ́ nìyẹn? Àti pé látìgbà tó ti dùbúlẹ̀ ni kò ti kírun mọ́. Ojú ń tì í pé òun ò lè foríkanlẹ̀. Mo ní, "Bàbá Fareedah, ẹ jókòó kírun. Ọlọ́run ń rí yín." Mo bá a fi omi àlúwàlá ra Àlejò, a na ẹsẹ̀, ó kírun. Ó sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, a ò yẹ̀. Lónìí, ó dá dìde lórí àga! Àlejò ṣì ń sùn.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ní ìparí ìrun Ayìlà, mo rí ìka tí a fi ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ni — ìka ọwọ́ ọ̀tún — ó nà sókè. Mo gbàgbé ibi tí mo bá ìrun tèmi dé. Ọlọ́run tóbi. Mo sọ fún un, ó ní irọ́ ni, òun dijú, òun ò mọ nǹkan kan.

Jímọ̀, 21
Mo ròyìn ìka náà fún Sabina, ó di ọwọ́ náà mú. "Daddy, ẹ gbé ìka yìí sókè." Kò mira. Ó tún wí i. Kò mira. Àkànó gbójú kúrò lára mi. Mo rò pé Sabina yóò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà de ìpè Aláàsárì — òun ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìpè dún. Mo bẹ Àkànó pé kó má dijú. Nígbà tó kan ìjẹ́rìí, ìka náà dìde, ó dúró. Àkànó fojú ara rẹ̀ rí i.

Sabina nu ojú rẹ̀. Ó ní àsìkò ti tó, láti òní lọ a lè fi kún ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Mo ní kó jẹ́ kí Àkànó kọ́kọ́ wo ìka rẹ̀ tẹ́rùn ná.