Àmì Pupa Ara Ògiri Wa

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ bí ọ̀dà ṣe ń kí ògiri, tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn tí òjò ò ní rí wọn gbé ṣe. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ ò tíì yéé pariwo? Ọlọ́run á jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há. Àtẹ̀gùn tó ò ń gùn lójoojúmọ́ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ilé tó ò ń gbé kò ní lé ọ jáde, òógùn ojú rẹ kò ní di èrè ẹlòmíì. Ohun tí mo bá ti gbà ládùúrà, o mọ̀ pé ó ti dé ọ̀run, torí èmi àti Ọlọ́run jọ máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa.

Èmi náà wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ń bá a kẹ́dùn. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó gba ojú fèrèsé jáde nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n o rí i pé lẹ́tà mi gùn ju ti àwọn tó kàwé tán lọ, kó o fi han àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ kí wọ́n mọ ẹni tó bí ọ.

Ìròyìn ilé pọ̀, kò sì dùn. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù tó o rà fún mi, torí òun ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàìsàn. O rántí pé ẹgbẹ́ àdúgbò ti kó gbogbo wa sínú fóònù, ibẹ̀ la ti jọ máa ń sọ̀rọ̀, tí Alága, tẹ́lọ̀ yẹn tó ń rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan máa ń gùn ju ìkejì lọ, á máa kí wa káàárọ̀ bí ẹni pé òun ló bí wa. Lọ́jọ́ kan mo ṣí i, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kígbe sí i, mo ní ẹ̀yin ará àdúgbò, ṣé ẹ ṣì ń sùn ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, mo ní ihò etí rẹ̀ ti dí, kó bá mi fi abẹ́rẹ́ tú u. Ó wò ó, ó wojú mi, ó ní Bàbá, kò sí ohun tó ṣe fóònù yín, wọ́n ti yọ yín kúrò láàárín wọn ni. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe máa yọ mí nígbà tí mo wà nílé, tí ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹni tó máa ń gbowó kó tó fẹ́ eruku kúrò lára fóònù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Àwọn kọ́ńpìnnì kan tó ń kọ́lé wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, wọ́n gbé àpótí gíláàsì dání. Ilé kéékèèké wà nínú rẹ̀, alájà mẹ́ta-mẹ́ta, igi kéékèèké, mọ́tò kéékèèké, èèyàn tí kò ju èékánná lọ tó ń fa ajá. Wọ́n ní bí àdúgbò wa ṣe máa rí nìyẹn. Mo fojú wá ilé wa títí. Mo rí odò, mo rí ibi tí ọ̀nà ti yà, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ilé wa wà, àga gbọọrọ kan ni wọ́n gbé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sórí ẹ̀. Mo ní bóyá wọn ò tíì kàn án dé tiwa ni. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ọ̀dà. Gbogbo ilé inú àpótí yẹn funfun bí eyín ọmọdé. Mo ní ta ló fẹ́ kun gbogbo èyí? Ta ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú lágbègbè yìí bí kò ṣe èmi? Ọ̀dà tí mo bá kùn kì í ṣí, ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé, wọ́n pín ipò, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé kọ́ńpìnnì náà lọ sí kóòtù. Wọ́n fi Tíṣà tó kọ́ ọ ní ìṣirò ṣe akọ̀wé. Èmi ń retí akápò. Wọ́n ní kí n máa bójú tó gọ́tà. Èmi, gọ́tà. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ń pè mí pé Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ló kù. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún gọ́tà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ kọ́ńpìnnì dé, wọ́n fa ìlà pupa méjì tó dábùú ara wọn sára ilé wa, sára ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì tó múlé tì wá, àti sára gbogbo ilé apá odò. Wọn ò fa nǹkan kan sára ti Alága. Mo ní áà, àwa ni wọ́n yàn, àwa ni wọ́n fẹ́ kọ́lé tuntun fún. Mo lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀, mo bi í pé ṣé ilé tiẹ̀ kéré lójú wọn ni. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, àmì yẹn burú. Ọ̀dà olómi lásán, ó ṣàn wálẹ̀ bí ikun imú ọmọ tí kò níyàá, lára ògiri tí mo fi àwọ̀ ewé tútù kùn lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí ọ, àwọ̀ tí ìyá rẹ fúnra rẹ̀ yàn. Ó dùn mí ju orúnkún lọ. Ìgbà tó yá, òjò dé, òjò ńlá, ó fọ gbogbo rẹ̀ nù. Mo rí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń na ọwọ́ sí òjò. Mo rò pé ooru ló ti ń mú un tẹ́lẹ̀.

Mo ronú, mo ní bí àwọn kọ́ńpìnnì bá padà dé tí wọn ò bá àmì, wọ́n á ní a kọ ilé tuntun, wọ́n á sì gbé e fún àdúgbò míì. Yàtọ̀ síyẹn, bí wọ́n bá rí àmì tí pẹ́ńtà gidi fà, ṣé wọ́n tún fẹ́ wá ẹlòmíì lọ ni? Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọ̀dà olóròóró pupa jáde, ìyókù èyí tí mo fi kun ọkọ̀ panápaná láyé ijọ́sí. Àdúgbò pa lọ́lọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí gbogbo wọn ti tẹ̀ lé lọ́yà tí ẹgbẹ́ gbà lọ sí kóòtù, wọn ò sì pe ẹni gọ́tà. Mo mú pákó tó gún, mo fi fa ìlà. Gbogbo ilé apá odò ni mo kùn, ìlà mi ò yẹ̀ ní ibì kankan. Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mo ṣe dáadáa jù, mo kùn ún ní àkùntúnkùn, torí òun ló fún mi lóúnjẹ nígbà tí ìyá rẹ kú.

Mi ò tíì fọ búrọ́ọ̀ṣì tán táwọn èèyàn ìjọba fi dé láti ya fọ́tò. Wọ́n ju ẹyẹ irin kan sókè tó ní ojú nídìí. Mo sáré wọ aṣọ mi tó dáa, mo dúró ti àmì ara ògiri, mo na àyà, mo juwọ́ sí ẹyẹ náà kó lè yà mí dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ta ló kun èyí. Mo ní èmi ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ẹ ti dín iṣẹ́ wa kù. Mo ní kó má gbàgbé mi tí iṣẹ́ ọ̀dà bá dé. Ó ní kò sẹ́ni tó lè gbàgbé mi.

Nígbà tí wọ́n ti kóòtù dé, ijó ni wọ́n jó wọ àdúgbò. Bí wọ́n ṣe yà sí ọ̀nà odò, ẹsẹ̀ wọn dúró. Tíṣà ló wá bá mi. Kò pariwo, ì bá tiẹ̀ pariwo. Ó ní adájọ́ ti sọ pé ilé tí àmì ò bá sí lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba bá ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wó o. Ó ní ohun tí òun fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí mo jáde nípàdé nìyẹn, pé lọ́yà ní bí wọ́n bá fa àmì sára ilé wa, ká má fọwọ́ kan án, ká fi sílẹ̀ fún òjò. Mo ní ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún wa. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe fún wa.

Láti ìgbà náà, bí mo bá kí èèyàn, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò bú mi. Ṣó o mọ̀ pé láràárọ̀ ló máa ń gbé búrẹ́dì kan sójú fèrèsé mi, á kan gíláàsì, á ní pẹ́ńtà ọ̀lẹ, dìde, àwọn ògiri ti jí. Búrẹ́dì ṣì ń dé. Ṣùgbọ́n kì í kan gíláàsì mọ́. Mi ò rí i jẹ. Wọ́n ti pọ̀ lórí tábìlì, wọ́n ń gbẹ.

Lọ́yà ní bóyá wọ́n ṣì lè gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, Tíṣà náà ní bóyá. O mọ bí Tíṣà ṣe máa ń sọ bóyá. Iṣẹ́ ọ̀dà ńkọ́, wọn ò tíì pè mí. Mo ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Ọmọ mi, tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún karosínì, irin ìhọgiri, àti ọ̀dà funfun. Má fi í gba ara ògiri báńkì yẹn o. Ọjọ́ tí mo lọ síbẹ̀, ògiri náà gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò pọ̀ ọ́. Fi rán awakọ̀. Mo sì fẹ́ bi ọ́, yàrá tó ò ń gbé, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Ògiri rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti kùn ún? Kì í ṣe pé mo ń bọ̀ o. Mo kàn ń béèrè ni.

Mo ti fi ọ̀bẹ họ ara ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Mo fi karosínì nù ún, mo fi yanrìn gbo ó. Mo wá lọ sí tiwa, mo ṣe bákan náà. Àwọ̀ ewé ìyá rẹ ló ń ṣí. Pupa náà ò mira.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n fa ìlà sára ohun tí o bá fọwọ́ ara rẹ kọ́. Wàá ní ilé, wàá ní aládùúgbò, ìwọ àti wọn á máa kí ara yín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
pẹ́ńtà tí ọ̀dà rẹ̀ kì í ṣí.