Awò Tó Dorí Mọ́sálásí Kodò

                                        Agbolé Àlùfáà Jùnáídù,
                                        Boukoki,
                                        Niamey, Niger.
                                        Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Mọ́rìlíátù, ọmọ bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn lóru, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ́ ṣeré? Ẹ kú òtútù àárọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí o bá rí tiwa níbí, wàá mọ̀ pé tiyín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù òtútù méjì ni mo wọ̀ lọ sí ìsọ̀ láàárọ̀ yìí. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé ẹnu á máa yà ọ́, pé kí ló dé tí Kàfáyá fi jókòó tó ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ fóònù lọ, apá kan nínú rẹ̀ sì ń tì mí lójú. Ìdí kejì ni bébà kékeré tí mo ká sínú àpò ìwé yìí. Jọ̀ọ́, má tíì ṣí i. Ka lẹ́tà tán ná. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o ti ṣí i.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń tì mí lójú. Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́dún yìí, o pè mí, o bi mí bóyá Bàbá rí oṣù. Mo ní ó rí i, bó ṣe máa ń rí i. Irọ́ ni mo pa fún ọ. O rántí bí a ṣe máa ń ṣe é: gbogbo àwa Yorùbá tó wà ní àdúgbò yìí á péjọ sí gbangba iwájú ilé wa, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé òun rí oṣù títí Bàbá á fi na ọwọ́ tí á ní, "Mo rí i." Lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn ti rí i, wọ́n kàn ń dúró dè é nítorí ọ̀wọ̀ ni. Ó na ọwọ́, ó ní, "Mo rí i." Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, Mọ́rìlíátù. Apá ọ̀tún ni oṣù wà. Apá òsì ni ọwọ́ Bàbá ń tọ́ka sí. Àwọn ènìyàn ń ṣe kábárà, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, èmi nìkan ni mo rí ohun tí mo rí, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni Bàbá kò ti sọ̀rọ̀ oṣù mọ́. Nígbà tí oṣù Iléyá fẹ́ lé, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé kí Àlàmínì àbúrò mi lọ bá òun wò ó. Ẹ̀yìn kankan kò dùn ún. Mo rọra mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ, ti òsì náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní àìsàn náà máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín ni, tó fi jẹ́ pé Bàbá ń wo ayé bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Àárín yẹn ṣì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kí ó tó wá nǹkan kékeré rí nínú òfuurufú gbalasa, iṣẹ́ ńlá ni. Oògùn tí a ń kán sí i á dá a dúró díẹ̀, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Mo bi í pé ìgbà wo ló kù. Ó ní bóyá ọdún kan, bóyá méjì, òun kò lè sọ.

Ìwọ lo sì fa ìyókù, bí o bá fẹ́ mọ̀. Ṣé o rántí ìwé láéláé Bàbá, èyí tí ikán ti jẹ eteetí rẹ̀, tó fi ń kọ́ wa ní orúkọ àwọn ìràwọ̀? O bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ni Zúhálì ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà fẹ́ mọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọmọ mi Ummusalmah fi àwòrán Zúhálì, tí wọ́n ń pè ní Saturne nílé ìwé wọn, hàn án lórí fóònù, ìràwọ̀ ńlá tí òrùka fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yí ká bí etí àkẹtẹ̀. Bàbá gbé fóònù náà súnmọ́ ojú òsì rẹ̀, ó wò ó títí. Ó wá ní, "Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹlòmíràn ló rí èyí." Ó dá fóònù padà, ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo ní kí ojú yẹn tó ṣú pátápátá, Bàbá gbọ́dọ̀ fi í rí Zúhálì.

Ó wá ku awò awọ̀nàjíjìn tí a máa rà, ọ̀kan péré lagbára wa sì ká. Ṣé o mọ̀ pé oríṣi awò pọ̀ bí oríṣi aṣọ? Mo rò pé kéèyàn kàn gbé e sójú ni, ó tán. Ọkọ mi Àbdùlwàhàb ní awò olójú méjì tí àwọn ọdẹ ń so kọ́rùn ni kí n rà, pé kò wúwo, pé a sì lè fi wo erinmi nínú odò Ọya. Mo yá ọ̀kan wò. Mọ́rìlíátù, mo rí àwọn kòtò ojú oṣù! N kò fẹ́ gbé e kúrò lójú mọ́. Ṣùgbọ́n Zúhálì kò ju ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan lọ nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú kan ni Bàbá ní, ìdajì awò náà á ṣòfò lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n á sì máa gbé ìràwọ̀ fò sókè fò sódò.

Mo rí èkejì ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù òyìnbó kan tí kò jìnnà sí ìsọ̀ aṣọ mi, lápá Petit Marché. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti Mùsíyọ̀ Sùmánà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Ummusalmah, ọmọ ẹ̀yà Zarma kan tó ń gbé ní àdúgbò Dar es Salam níbí. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan awò ńlá mìíràn, ó fẹ́ ta èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo rí i, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àgbá gbọọrọ kan ni, tó jókòó sínú àpótí pákó lórí ilẹ̀, kò ní ẹsẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Dígí roboto kan tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀. Mùsíyọ̀ gbà kí n gbé e lọ fún ọjọ́ méjì kí n fi wé èkejì, ọlọ́ṣọ́ọ̀bù náà sì gbà kí n yá tirẹ̀ wò.

Wàyí o, wo ohun tí ọmọ bàbá rẹ ṣe. Mo gbé àwọn méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ mi, lọ́sàn-án gangan. Àwa tí à ń ta aṣọ, níbo la ti ń yẹ ọjà wò? Ṣé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni, níbi tí oòrùn á ti tú àṣírí àwọ̀? Mo kọ ojú awò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sí ilé gogoro mọ́sálásí òdìkejì. Ó dúró ṣánṣán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ẹyẹlé orí rẹ̀ tán. Mo yí àgbá Mùsíyọ̀ Sùmánà sí i, mọ́sálásí dorí kodò! Ilẹ̀ lókè, òkè nílẹ̀, ládàánì ń rìn bọ̀ bí àdán. Ìyá Sàlímà tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mi yọjú sí i, ó fò sẹ́yìn, ó ní, "Asitafurulai!" Èmi náà ní awò tó ń dorí ilé Ọlọ́run kodò kò ní wọ agbolé àlùfáà. Mo dá a padà, mo lọ ra èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ra ọjà ọ̀pọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìṣáì, mo kọ ojú awò tuntun náà sí Zúhálì, mo ní kí Bàbá wá jókòó. Ó fi ojú òsì sí i. Kò pẹ́ rárá tó fi ní, "Mo rí i, alihamudulilahi." Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó fi rí oṣù ààwẹ̀ ni. Mo yára fi ojú tèmi sí i, òkùnkùn biribiri ni, kò sí ìràwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, Zúhálì ti yọ́ lọ kí Bàbá tó jókòó. N kò lè sọ fún un. Mo wọ yàrá, mo sunkún.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tẹ orí ba, mo padà sọ́dọ̀ Mùsíyọ̀ Sùmánà. Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ mọ́sálásí. Ó kàn ní, "Kala suuru, Hajiya," bí àwọn Zarma ṣe máa ń ní kéèyàn ṣe sùúrù. Lẹ́yìn náà ó fi Hausa bi mí pé, lókè ọ̀run lọ́hùn-ún, ibo ni orí, ibo ni ẹsẹ̀? Ó ní awò ìràwọ̀ máa ń dorí nǹkan kodò, pé kò sì ṣe ìràwọ̀ ní nǹkan kan. Ó ní nọ́ńbà ara páálí kọ́ ni ká máa wò, bí ẹnu awò ṣe fẹ̀ tó ni: bí òjò bá ń rọ̀, ago àti agbada, èwo ló ń gbe omi jù? Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni òjò náà. Èmi wá fi ọ̀rọ̀ aṣọ yé ara mi. Bí aró bá kéré, tí a sì fi pa ọ̀pọ̀ ọ̀pá aṣọ, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá ni. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni awò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń gbà wọlé, ó wá ń fẹ̀ ẹ́ títí tó fi ń ṣú. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tó mọ́ kedere, tó dúró jẹ́ẹ́, ni ojú Bàbá nílò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mo bi í ní ìbéèrè títí ìyàwó rẹ̀ fi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù gba awò tẹ́ẹ́rẹ́ padà, ṣùgbọ́n ó gba àǹkárá tó dáa jù nísọ̀ mi lé e, ó ní ìyàwó òun lòun máa fún. Mo fi owó tó dá padà ra àgbá Mùsíyọ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá la wá gbé àgbá náà sí àgbàlá lẹ́yìn ìṣáì. Mùsíyọ̀ Sùmánà fúnra rẹ̀ ló wá tò ó. Zúhálì kò ṣòro wá rí, ẹ̀gbẹ́ oṣù gan-an ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò yọjú wò ó, mo ní Bàbá ni á kọ́kọ́ rí i. Mo sì ti pinnu pé n kò ní bi í bóyá ó rí i. Mo gbé wàláà ọmọ kéwú kan lé e lẹ́sẹ̀, mo fi gègé àti tàdáwà sí i lọ́wọ́, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá rí, ẹ bá wa yà á, kí àwọn ọmọ kéwú lè mọ̀ ọ́n." Ó wo ojú mi díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ó fi ojú lé e. Ó pẹ́. Mùsíyọ̀ rọra ti àgbá náà tẹ̀lé ìràwọ̀ tó ìgbà mẹ́ta, Bàbá kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ gègé bọ tàdáwà, ó ya òbìrí kékeré kan. Ó tún wò ó. Ó wá fa ìlà tín-ín-rín kan gba àárín òbìrí náà já, tó yọ sí ọ̀tún, tó yọ sí òsì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí abẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá.

Níbo ni òrùka bí etí àkẹtẹ̀ wà? Ummusalmah wò mí, mo wò ó. Mo ní òkùnkùn ni Bàbá tún rí, ó kàn ya ohun tó wá sí i lọ́kàn ni. Mo na ọwọ́ láti gba wàláà náà kí àlejò má bàa rí i. Mùsíyọ̀ ti rí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ hàn mí pé kí n lọ wò ó fúnra mi.

Mo wò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin kan ni, abẹ́rẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan gba àárín rẹ̀ já, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí wàláà. Mùsíyọ̀ ní òrùka náà pẹlẹbẹ bí ìwé, pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra ló máa ń kọ eteetí sí wa, ọdún yìí ló sì bọ́ sí. Bàbá kò lè rí ìyẹn mú nínú àwòrán fóònù, Mọ́rìlíátù, òrùka fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan la fi hàn án. Kò sì lè gbọ́ ọ lẹ́nu wa, àwa gan-an kò mọ̀. Ojú rẹ̀ ló rí i. Ummusalmah yọjú sí i, ó ń fò sókè, ó ń pariwo pé, "Bàbá àgbà, c'est ça même! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà!" Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ àná, àwọn ọmọ kéwú fẹ́ fọ wàláà náà, bí a ṣe máa ń fọ tiwa nígbà náà. Bàbá gbà á lọ́wọ́ wọn, ó gbé e kọ́ sí ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Ọmọ kan kò ní wàláà báyìí, Àlàmínì ti ń wá òmíràn fún un. Lẹ́yìn náà ni Bàbá pè mí pé kí n da àwòrán náà kọ sórí bébà, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, torí pé ìwọ lo bi òun ní ìbéèrè náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu. Kí gbogbo ará ilé Bàbá Kékeré, sọ fún wọn pé ọkàn wa ń fà sí wọn. Àbdùlwàhàb ní kí n kí ọ, ó ṣì ń wá awò tó máa fi wo erinmi. Foríjì mí nítorí irọ́ oṣù ààwẹ̀. Ó ti ń wúwo lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ó yá, o lè ṣí bébà náà wàyí, bí kò bá tíì gbó lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán kì í ṣe tèmi. Bàbá ló ń sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò: "Oṣù ààwẹ̀ ọdún yìí, n kò rí i, mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Àlàmínì ni kó máa wò ó láti ìsinsìnyí lọ. Zúhálì, mo rí i."

                                        Èmi ni tìrẹ, tí a jọ fọ wàláà kan náà,
                                        Kàfáyá.