Ọpẹ́ Tí Bàbá Mi Máa Ń Dá Nítorí Bọ́ǹbù

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje 2025
Ìyá Òkè gbé ìwé kan wá lónìí. Missis Haneda ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — ará Jàpáànù tó ń gbé lókè orí mi, tí a jọ máa ń mu tíì nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tó máa buwọ́ lùwé kí Kánádà tí a ń gbé yìí lè wọ àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ bọ́ǹbù átọ́míìkì. Nàgàsákì ni bọ́ǹbù ti bá ìyá wọn. Ẹ̀yìn ìyá náà jóná, ṣùgbọ́n kò kú.
Mo gba bíírò. Ọwọ́ mi kò gbé e. Mo ní ojú ń dùn mí. Irọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá àyà mi á rọ̀. Bàbá mi, Ràsákì, jagun Bọ́mà fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Jàpáànù ni wọ́n bá jà, bọ́ǹbù Hiroṣímà àti Nàgàsákì ló sì parí ogun náà. Lọ́dọọdún, tí a bá pa àgbò iléyá tán, wọ́n á ní ká ṣe àmín: "Ọlọ́run, o ṣeun tí o fi bọ́ǹbù yẹn mú mi délé." Wọ́n délé ní '46. A bí mi ní '47.
Tí n kò bá sọ fún Ìyá Òkè, ẹ̀tàn ni. Tí mo bá sọ, ta ni màá tún bá mu tíì?

Ọjọ́bọ̀, 24
Mo fẹjọ́ sun Akíndàmọ́lá, tíṣà àtijọ́ tó ń gbé nísàlẹ̀. Ó ní, "Baba Hàbíbàt, bọ́ǹbù ló bí ọ, o wá fẹ́ kọ ìyá rẹ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Mo ní kí ikọ́ náà máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26
Hàbíbàt, ọmọ mi, wá láti Springdale, àdúgbò tó ń gbé. "Daddy, please, don't tell her. And don't sign anything." Ó ní pépà ọmọ-ìlú mi kò tíì jáde, ìjọba lè máa wò mí. Èmi náà ti rò ó — pépà, ẹ̀jẹ̀ ríru, iléeṣẹ́ átọ́míìkì létí adágún ìlú yìí, tí iná ilé mi ti ń wá. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, inú bí mi. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin!

Ọjọ́ Ajé, 28
Mo gòkè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Òkè. Wọ́n gba ife ọwọ́ mi, wọ́n lọ fọ̀ ọ́. N kò tíì mu ún tán.

Ọjọ́rú, 30
Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ
Ìyá Òkè wá. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní àbúrò àwọn ní Jàpáànù ní kí wọ́n tún máa fi átọ́míìkì tan iná, nítorí owó iná ti wọ́n jù. Àwọn ní láéláé, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì bú gbàmù ní Fukuṣímà. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ń jà, wọn ò dákẹ́ síra wọn rí. Èmi nìkan ni àwọn dákẹ́ sí, ojú sì ń ti àwọn. Wọ́n ní kí n wá sọ ìtàn bàbá mi níbi ìrántí Hiroṣímà lọ́jọ́rú, nítorí gbogbo ẹni tó ń wá síbẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Hàbíbàt pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní wọ́n á hó lé mi lórí. Mo ní kí wọ́n hó. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 6
Mo dìde níwájú gbogbo ènìyàn níbi ìrántí náà. Mo sọ nípa bàbá mi àti ọpẹ́ wọn. Ọkùnrin kan pariwo: ṣé bàbá mi jàre nìyẹn?
Mo ní bàbá mi ń wá bí wọ́n á ṣe délé. Àwọn tí bọ́ǹbù já lù, ilé ni wọ́n wà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀mí mi ṣe ẹlẹ́rìí fún bọ́ǹbù mọ́.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Òkè na ìwé sí mi. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà: Sàkáríyàú, ọmọ Ràsákì, sójà Bọ́mà. Ó gba ìlà méjì.
Tí bàbá mi bá fẹ́ bínú, kí wọ́n dúró dè mí lọ́run. Màá sọ tẹnu mi fún wọn.