Bàbá Mi Ò Sọ Àsọdùn Nípa Ọkọ̀ Náà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kí Màámi, mo kí Rìsíkà àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Àlàáfíà ni mo wà lórí òkun, àfi òtútù tó ń wọ egungun.

Rìsíkà sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ kì í lọ sí èbúté Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ó ní ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín níbẹ̀ pé ọkọ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gùn tó ogún ọkọ̀ ìpẹja yín, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì ń pè yín ní Bàbá Alásọdùn. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pe ẹja àná ní ti òní l'Ọ́jà Olúwo. Ìdí tí mo fi kọ eléyìí sí gbangba nìyẹn, kí àwọn náà lè gbọ́.

Bàbá, ẹ dín in kù ni. Àádọ́ta ni mo sọ fún yín, mo sì mọ̀ pé ẹ bù ú kù kí wọ́n lè gbà yín gbọ́. Kọ̀nténà tí tirélà fi ń dí ọ̀nà Ìkòròdú pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà lórí ọkọ̀ yìí, wọ́n tò ó léra wọn bí Màámi ṣe ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ha irin tó ti dógùn-ún, kí n sì kùn ún lọ́dà. Ká tó kùn ún dé ìdí, iwájú tí a ti bẹ̀rẹ̀ á tún ti dógùn-ún. Ẹnu ṣì ń yà mí. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbí, nítorí náà ọkọ̀ yìí gan-an ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń wọ èbúté kan, mo wolẹ̀ láti òkè, mo rí bàbá apẹja kan tó dá wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kéré bí èèrà lórí ewé. Ó gbójú sókè, ó ń wò wá, kò lè gbójú kúrò. Mo ju ọwọ́ méjèèjì sí i, kò rí mi. Mo rò ó pé tó bá délé tó sọ ohun tó rí, wọ́n á ní irọ́ ni. Ni omijé bá bọ́ lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí èbúté, ẹ jókòó sí àyè yín. Tí wọ́n bá tún bi yín, ẹ má dín nǹkan kan kù mọ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí dìgbà tí màá dé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ọ̀rẹ́ yín tó rẹ́rìn-ín. Àádọ́ta ni o.

Ọmọ yín tó ń kun ọkọ̀,
Súrájù