Yàrá Orin tí Mọ́ṣádé Bá Yín Parí

Bàbá wa, Tíṣà Theophilus, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko! Láti oṣù kẹjọ ọdún 1983, pálọ̀ wa kò kún fún orin mọ́.

Yàrá tí ẹ ń kọ́ sẹ́yìn ilé n'Íjẹ̀bú-Òde, níbi tí ẹ ní ẹ ó ti máa gbọ́ àwo orin yín bí ẹ bá fẹ̀yìn tì, kò tíì ju ìtẹ́rígbà lọ nígbà tí ikú dé. Àbúrò yín, Bọ̀dá Frederick, ní kí a sọ ọ́ di ìsọ̀ sìmẹ́ńtì. Mọ́ṣádé, àkọ́bí yín, kọ̀ jálẹ̀.

"Yàrá Bàbá mi ni. Màá parí ẹ̀."

Ó sì parí ẹ̀! Gbogbo Sátidé ló ń ti Odògbolú, níbi tó ti ń ṣe tíṣà, wá dúró ti bíríkìlà. Wọ́n rẹ́ ògiri títí ó fi ń dán, wọ́n da tẹ̀rásò sílẹ̀, wọ́n fi gíláàsì sí fèrèsé. Ó mú ìyá wa, Rachel, wọlé, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní orin Kérésì sínú rédíò kékeré, ọ̀kan ṣoṣo tí ohùn yín wà nínú rẹ̀. Áà, Bàbá! Ohùn yín ń lu ògiri, ó ń ta padà, ọ̀rọ̀ kan ń gun orí èkejì.

Ìyá dìde. "Bàbá Mọ́ṣádé kọ́ nìyí." Ọdún kan gbáko, wọn kò wọ ibẹ̀ mọ́.

Mọ́ṣádé sunkún, àmọ́ kò jáwọ́. Ó gbé rédíò náà àti kásẹ́ẹ̀tì yín kiri ilé àwọn ẹbí, láti wá ibi tí ọ̀rọ̀ yín yóò ti yéni. N'Íjẹ̀bú-Ìmùṣin, nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n bí yín sí, ọ̀rọ̀ ń jáde ketekete. Ó fọwọ́ pa ògiri: amọ̀ tó nípọn, tó rí hágahàga. Ẹní wà nílẹ̀, aṣọ wà lórí okùn. Ó wá yé e pé ohun líle tó ń dán ló ń ta ohùn padà. Ohun rírọ̀ ló ń gbà á mọ́ra.

Ó pe Gbàdàmọ́sí káfíńtà.

"Tíṣà, kí n fi pákó bo ògiri tuntun?"

"Ẹ bò ó. Ẹ ki òwú sẹ́yìn pákó náà."

Ó tẹ́ ẹní bo tẹ̀rásò, ó ta kọ́tìnì tó wúwo bo gíláàsì, ó to ìwé yín kún ògiri ẹ̀yìn. Bó bá ti fi nǹkan kan kún un, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́tí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó bẹ ìyá wa títí wọ́n fi tún wọlé, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí rédíò. Ẹ wúkọ́. Ẹ ní kí àwọn onítẹ́nọ̀ má sáré. Ketekete! Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohun tí ariwo títì kò jẹ́ ká gbọ́ rí ní pálọ̀: ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìyá Mọ́ṣádé ló kọ́ mi ní èyí o."

Ìyá rọra jókòó sórí ẹní. "Tún un fi sí i." Bọ̀dá Frederick tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣí fìlà.

Bàbá, à ń ṣàfẹ́rí yín. A fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá wa ń wọ yàrá náà báyìí. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á dá yín lóhùn.